Mo Kúnlẹ̀, Mo Ní Rárá

Bí báńkì kékeré bá máa kú, olè kọ́ ló sábà ń pa á. Àwọn tó ni ín ni. Ẹ ṣí ìwé gbèsè irú báńkì bẹ́ẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé àwọn alátẹ ọjà ti san tiwọn tán, tàbí kó ku díẹ̀. Orúkọ tó wà lókè pátápátá, tí owó rẹ̀ wúwo, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ béèrè, ni ti ọ̀kan nínú àwọn olùdarí, ti olóyè kan, ti àbúrò alága, ti ilé-iṣẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó fìdí kalẹ̀ sí. Abẹ́òkúta ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, láti orí gbígba àjọ dé orí àga ọ̀gá àgbà. N kò tíì rí obìnrin tó pẹ́ lórí àga yẹn láìjẹ́ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, kó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ náà sọ fún un pé rárá.

Irú báńkì tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń rí ìpolówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kọ́múnítì báńkì ni wọ́n ń pè é nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ló dá a sílẹ̀. Àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Tudun Wada, ní Kaduna, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1990. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára lójú mi títí dòní: kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní báńkì tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn oníṣòwò, àwọn tíṣà àti àwọn àgbẹ̀ jọ ra ìpín, kí owó tí wọ́n bá fi pamọ́ má baà gba Èkó lọ láì padà wá. Owó ìdásílẹ̀ tí wọ́n béèrè nígbà náà jẹ́ 250,000 náírà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, Báńkì Àpapọ̀ (CBN) yí ìlù padà. Gbogbo kọ́múnítì báńkì gbọ́dọ̀ di báńkì microfinance kí ọdún 2007 tó parí, owó ìdásílẹ̀ sì di 20 mílíọ̀nù. Èyí tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kó palẹ̀ mọ́. Ní 2010, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ microfinance 224. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n tún gba ti 132.

Ẹni tó bá mọ alájọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ wa. Alájọ á gbé káàdì, á máa ká ọjà kiri, ẹni tó ní 200 á dá 200, ẹni tó ní 1,000 á dá 1,000. Níparí oṣù á kó owó fún olówó, á sì yọ ti ọjọ́ kan ṣe owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí báńkì wa ṣe ni pé ó fi rìsíìtì àti léjà kún iṣẹ́ yìí, ó sì ń yá àwọn ará ọjà kan náà lówó nínú ohun tí wọ́n jọ kó jọ. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń rán lọ gba àjọ náà. Mo jáde ní Poli Òjéré, wọ́n gbé báàgì àti káàdì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní Ìtòkú àti Láfẹ́ńwá ni kí n máa lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo ọjà fi ń pè mí ní Àǹtí Báńkì. Àwọn ìyá tí kò fẹ́ kí ọkọ wọn mọ iye tí wọ́n ní a máa fi káàdì wọn pamọ́ sọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Káàdì àjọ kì í purọ́. Ẹni tó ń dá lójoojúmọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án tí owó ilé-ìwé gba gbogbo ọwọ́, ẹni tó máa ń pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ lẹ́yìn Iléyá, ẹni tó dákẹ́ lóṣù tí ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn, tó wá padà dá ìlọ́po méjì: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀yáwó nínú báńkì, tí ọkùnrin ni gbogbo wọn nígbà náà, jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ń béèrè ìwé ilẹ̀. Ìyá alágbo wo ló ní ìwé ilẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì lọ bá wọn. Máníjà ní ìdí káńtà ló yẹ mí, pé ẹ̀rín mi ń fa oníbàárà. Ìdí káńtà náà ni wọ́n sì gbé mi lọ. Mo pẹ́ níbẹ̀ kí n tó rí ọ̀nà kúrò. Ohun tó là á fún mi ni pé ẹ̀ka ẹ̀yáwó ń wá ẹni tó máa lọ bá àwọn onígbèsè nínú ọjà, kò sì sí ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ kojú àwọn ìyá Ìtòkú.

Kí àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ iṣẹ́ yìí gbọ́ eléyìí kí wọ́n sì fi sọ́kàn. Wọ́n á fẹ́ fi yín sí iwájú, níbi tí oníbàárà ti máa rí yín, wọ́n á sì fi ìyìn bò yín mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó tì í. Inú ẹ̀yáwó ni báńkì ti ń jèrè, ibẹ̀ náà ló ti ń kú, ẹni tí kò bá sì mọ ibẹ̀, wọn kì í gbọ́ tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀dù.

Bí obìnrin kan ní Ìtòkú bá ní òun fẹ́ yá 300,000 náírà sórí àdìrẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo fọ́ọ̀mù. Bí aró bá ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́, aláró ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe aṣọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, ó ń rà á ni, ó ń tún un tà. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ ẹ̀yáwó tó yẹ wọ́n kò dọ́gba. Aláró máa ra aṣọ funfun, á ra aró àti sódà, á san owó àwọn tó ń bá a di aṣọ, á wá dúró de oòrùn. Nínú oṣù Keje tí òjò kò dá, aṣọ kì í tètè gbẹ. Bí ẹ bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ ti tì í lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó tó rí ẹyọ aṣọ kan tà. Ẹni tó ń rà tà ní tirẹ̀ lè san láti ọ̀sẹ̀ kejì.

Lẹ́yìn ọwọ́, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi fa aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde. Bí ojú ibi tí wọ́n ti ká a bá ti ṣá, ó ti pẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, ọjà kò lọ. Nígbà náà la ó wá jọ sọ̀rọ̀ aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, tí wọ́n tẹ àwòrán àdìrẹ sí, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú. Obìnrin tí aṣọ yẹn ti gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ bá tún kó owó fún un, ẹ kàn ń fi kún ẹrù tó wà nílẹ̀ ni. Mo ti dá irú wọn padà, tí mo sì tún mú wọn lọ mọ àwọn tó ń kó àdìrẹ lọ Èkó fún aṣọ ẹbí. Àwọn kan bú mi lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n wá ṣí àkáǹtì.

Àwọn ènìyàn tún máa ń bú wa nítorí èlé, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹnì kan yá 100,000 náírà fún oṣù mẹ́fà, èlé náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Èlé rẹ̀ á jẹ́ 24,000, gbogbo ohun tó máa san á jẹ́ 124,000, ìyẹn lé ní 20,600 lóṣooṣù. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fi máa wọ oṣù karùn-ún, ojú owó tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, síbẹ̀ èlé odidi 100,000 ló ń san. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Àwa náà ní àwíjàre: ẹni tó yá mílíọ̀nù kan, ẹ̀ẹ̀kan la máa lọ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni mẹ́wàá tó yá 100,000, ìgbà mẹ́wàá la máa jó epo ọ̀kadà. Nígbà tí àṣẹ dé ọwọ́ mi, n kò lè mú kí èlé wá sílẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ka lórí ìwé ẹ̀yáwó láìjẹ́ pé wọ́n ka gbogbo owó tó máa san sí i létí ní Yorùbá, kí òun náà sì tún un kà padà. Ẹni tó bá yáwó lẹ́ẹ̀kẹta tí kò fi ọjọ́ falẹ̀ rí, orí ohun tó kù nìkan la ó máa ka èlé rẹ̀ sí.

Ọdún tí mo di ọ̀gá àgbà ni ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ránṣẹ́ pè mí sílé. Àgbàlagbà ni, ó ti wà nínú báńkì náà láti ìpilẹ̀, òun ló tiẹ̀ bá wa dúnàádúrà ilẹ̀ tí a kọ́ ọ́fíìsì sí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n gbé ẹlẹ́rìndòdò fún mi, ó wá na ìwé kan sí mi: mílíọ̀nù mẹ́jọ fún àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ máa kó sìmẹ́ńtì. Kò sí onídùúró. Àbúrò ọ̀hún kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa.

"Ìwọ ṣá ti fọwọ́ sí i," ó ní. "Èmi ni mo ní kó o ṣe é."

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ti gbogbo ìlú ni báńkì yìí. Ọwọ́ mi ò ní lè kan ìwé yìí, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Orókún mi ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin nídìí iṣẹ́ yìí máa ń bi mí pé kí ni mo ń kúnlẹ̀ sí, bí mo ti mọ̀ pé mo máa kọ̀. Ó rọrùn fún wọn láti sọ. Bí mo bá dúró gbọnyin sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí owó, á di ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé. Gbogbo bọ́ọ̀dù á bá a bínú sí mi, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè onídùúró mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ owó lè dúró sórí owó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kọ lẹ́tà sí i, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí alága. Mo to gbogbo ohun tí ìbéèrè náà kò ní, mo sì ní bí wọ́n bá ti pé, kó gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bíi ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé lóòótọ́ bọ́ọ̀dù ló ń yan ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n kò lè jókòó lórí àga náà bí Báńkì Àpapọ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Bí àwọn ayẹ̀wéwò wọn bá sì dé, ọ̀dọ̀ ẹni tó bu ọwọ́ lùwé ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í lọ sílé Bàbá.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ni owó gan-an. Màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní 600,000 náírà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, owó tó fẹ́ fi parí ilé. Fún irú báńkì tiwa, ohun tí NDIC, àjọ adójútòfò owó ìfipamọ́, fi ń dúró fún onífowópamọ́ bí báńkì bá kú kò ju 200,000 lọ nígbà náà. Ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé mílíọ̀nù méjì. Ìyẹn ni pé ká ní a kógbá sílé lọ́dún náà, 200,000 ló máa tètè rí gbà. Èyí tó kù, kó máa retí ìgbà tí wọ́n bá ta tábìlì àti ilẹ̀, tí wọ́n sì gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn bíi oní-sìmẹ́ńtì yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ọkùnrin tó bá ṣẹ bọ́ọ̀dù, ìpàdé ni wọ́n máa ń pè é sí. Èmi, ilé ọkọ mi ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ̀ mí láago lálẹ́, ó ní kí ló dé tí mo ń bá àgbà ìlú wọ̀yá ìjà. Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ lówó nínú báńkì yẹn?" Wọ́n ní àwọn ní. "Ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣọ́ ọ nígbà yẹn." Wọn kò pè mọ́.

Ìdánwò tó le ju ìyẹn lọ dé lọ́dún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti gbé owó 200, 500 àti 1,000 náírà tuntun jáde lóṣù Kejìlá tó ṣáájú, wọ́n ní ti àtijọ́ kò níí ná mọ́ lẹ́yìn 31 oṣù Kìíní, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù Kejì. Tuntun kò sì sí. Ata wà lọ́jà, aṣọ wà, ẹni tó fẹ́ rà wà, owó tí wọn yóò ná ni kò sí. Báńkì bíi tiwa kì í gba owó lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ tààrà, inú àkáǹtì tí a ní ní àwọn báńkì ńlá la ti ń gbà á, àwọn yẹn gan-an kò sì rí èyí tó tó wọn. Ẹni tó fi owó rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wa dúró níwájú ọ́fíìsì láti àárọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì péré ló gbé lọ. Àwọn tó jẹ wá lówó dákẹ́.

Bọ́ọ̀dù jókòó. Ẹnì kan ní kí a kó ọlọ́pàá wọ ọjà, kí a gbé ẹrù àwọn kan kí ojú lè ti àwọn tó kù. Mo ti kó ìwé dání. Mo fi hàn wọ́n pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó dákẹ́ lóṣù Kejì, wọ́n san ní gbogbo 2022 láìfi ọ̀sẹ̀ kan falẹ̀. Mo tún ka Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sí wọn, tó ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni fún oṣù Kejì àti Kẹta, kí a sì kó àwọn òṣìṣẹ́ wa jáde lọ sínú ọjà láti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fi fóònù gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. A fà á títí ilẹ̀ fi ṣú kí wọ́n tó gbà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní 3 oṣù Kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ná títí di ìparí ọdún náà, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá yẹn padà sí ìsanwó wọn. Títí dòní, àwọn kan nínú wọn ń fi fóònù sanwó ju àwọn ọmọ wọn lọ.

Nǹkan kan wà tí àwọn obìnrin inú iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ sọ jáde, èmi yóò sọ ọ́. Wọ́n á fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní iye owó ìfipamọ́ tó gbọ́dọ̀ mú wá lóṣù, wọ́n á ní kó lọ bá Alhaji kan nílé lálẹ́, pé ibẹ̀ ni owó wà. Gbogbo wa la mọ ohun tí Alhaji ń fẹ́. Bí mo ṣe dé orí àga, mo fòpin sí i: òṣìṣẹ́ kan kì í dá lọ sílé oníbàárà mọ́, ìpàdé kì í kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oníbàárà tó bá sì fọwọ́ kan òṣìṣẹ́ wa, a ó kó owó rẹ̀ fún un kó máa lọ. Ẹnì kan kó tirẹ̀ lọ lóòótọ́, owó ńlá ni. A kò kú.

Ní àwọn báńkì ńlá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2012 ni ìgbìmọ̀ àwọn olórí báńkì pinnu pé kó tó di ìparí 2014, obìnrin gbọ́dọ̀ gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún ipò ọ̀gá, àti 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó bọ́ọ̀dù. Ireti Samuel-Ogbu gba Citibank Nigeria ní 2020. Nígbà tó di 2021, Nneka Onyeali-Ikpe wà ní Fidelity, Yemisi Edun wà ní FCMB, Miriam Olusanya wà ní GTBank. Inú mi dùn sí wọn. (Ẹni tó bá sì ní obìnrin kò lè dúró nídìí owó, kó má sọ ọ́ létí ará Ẹ̀gbá. 1864 ni wọ́n ti fi Ẹfúnróyè Tinubú jẹ Ìyálóde níbí, oníṣòwò ni.) Àmọ́ ọ̀gá báńkì ńlá ní agbẹjọ́rò lápá ọ̀tún, ó ní ẹ̀ka olùṣọ́ òfin lápá òsì. Ní tèmi, ẹni tí mo kọ̀ fún lọ́jọ́ Ẹtì, àwa méjèèjì la máa jọ jókòó níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lé àwọn ọmọbìnrin wa sídìí ìdánwò. MCP, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ microfinance, ni Báńkì Àpapọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá máa ṣe olórí nínú microfinance, CIBN, àjọ àwọn oníṣẹ́ báńkì, ló sì ń bójú tó ìdánwò náà. Mo ṣe tèmi nígbà tí àbíkẹ́yìn mi kò tíì gba ọmú lẹ́nu. Ìwé ẹ̀rí kò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń mọ oníwà tútù tó máa sá lọ, ọjà ló kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àríyànjiyàn bá dé bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ẹni tó máa gba àga náà lẹ́yìn mi. Báńkì Àpapọ̀ ti gbé owó ìdásílẹ̀ sókè sí i, ó di 50 mílíọ̀nù fún èyí tó wà ní ìgbèríko, 200 mílíọ̀nù fún ti ìlú ńlá, a sì ti gba àwọn olówó tuntun mọ́ra ká tó lè kó o jọ. Àwọn olówó yìí fẹ́ mú ẹni tiwọn wá láti Èkó. Àwọn àgbà bọ́ọ̀dù kan náà ní obìnrin ti ṣe é, ó tó gẹ́ẹ́, kí ọkùnrin bọ́ sí i. Mo bi wọ́n pé lẹ́yìn gbogbo ọkùnrin tó ṣe é ṣáájú mi, ta ló sọ ọ́ rí pé ọkùnrin ti ṣe é, ó tó? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò dáhùn. Ẹni tí mo fa kalẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀yáwó wa, obìnrin tó fi gbígba àjọ bẹ̀rẹ̀ ní Kútọ̀. Mo ti kó ìwé rẹ̀ sínú fáìlì fún ìpàdé oṣù tó ń bọ̀: ìwé ẹ̀rí MCP rẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn tó yá lówó láti ọdún márùn-ún wá, àti ti àwọn tó dá padà, pẹ̀lú ìdí tó fi dá wọn padà. Méjì nínú àwọn tó dá padà wà lára àwọn tó máa dìbò.